Àlejò Oṣù Méjì Kì í Ṣe Ọ̀gá

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún 2023 ló tó yé mi yékéyéké. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ń gbóná lọ́kàn mi, n kò sì ní fi epo bọyọ̀.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ti ń wọlé, tí àwọn yunifásítì ìlú òyìnbó bá ti gba ọlidé gígùn, àwọn ọ̀dọ́ kan a máa wọ bàálù wá sí Èkó. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí èmi ti rí jẹ́ ọmọ tiwa tí a bí sí London tàbí Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé wọ́n wá kí ìyá àgbà nìkan. Wọ́n wá ṣiṣẹ́ ni. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù sì wà lára ibi tí ojú wọn máa ń wọ̀ jù, nítorí pé ilé ibẹ̀ ga, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ sì jọ iṣẹ́ ọ̀làjú. Wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, wọ́n ti padà. Nígbà tí wọ́n bá sì ń wáṣẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti lọ ran Áfíríkà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù.

Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀! Ẹ gbọ́ mi yé o, n kò bá wọn jà pé wọ́n wá. Orúkọ tí à ń fún wọn ni mò ń bá jà. Láàárín wa níbí, ẹni tó bá dé ìdí iṣẹ́ tí kò ṣe rí, ìbáà ṣe iṣẹ́ télọ̀, ìbáà ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ là ń pè é. Á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á gbé irinṣẹ́, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, á sì máa bèèrè. Ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé nídìí tẹlifóònù, ẹni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ń di ọ̀gá lọ́jọ́ tó dé?

Kí ẹ má baà sọ pé ìlara ló ń ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi síta.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London pè mí. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ẹni ogún ọdún, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, fẹ́ wá lo ọlidé ní Èkó, kí n bá òun wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, mo sì mọ èèyàn. Mo pe ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan, tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọkùnrin náà ní, "Láti London? Ẹ ní kó máa bọ̀!" Kò béèrè ìwé ẹ̀rí, kò béèrè ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá alákàrà tó wà ní orígun àdúgbò wa kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú àpòòwé kan dání. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga polí, ó ń kọ́ nípa iná mànàmáná àti ẹ̀rọ. Wọ́n ní kó lọ wá ibi tí yóò ti fi oṣù mẹ́rin ṣe IT, ó sì ti gbé lẹ́tà lọ sí ibi mẹ́rìnlá láìrí ẹni gbà á. Ìyá náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bá àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí lẹ́nu ará Èkó. Orí fíríìjì ni mo gbé àpòòwé náà sí. Ibẹ̀ ló wà títí bàálù ọmọ London fi balẹ̀.

Ìpè kan péré ni mo ní láti pè. Mo pè é fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ tó, mi ò pè é fún ẹni tó kúnlẹ̀. Nítorí náà, bí mo ti ń bú àwọn ẹlòmíràn nínú ìwé yìí, kí ẹ mọ̀ pé mo ti kọ́kọ́ bú ara mi.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí IT yìí ti wá. Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá ITF sílẹ̀, ọdún 1973 sì ni ITF bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní SIWES, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú rí, kó sì fi ọwọ́ kan ohun tó ń kà nínú ìwé. Ọdún 2023 tí mò ń wí yìí gan-an ni ètò náà pé àádọ́ta ọdún. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìjọba lè ní kí ọmọ lọ ṣe IT, kò lè fi agbára ṣí ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò bá léèyàn, ilé ìṣẹ̀dà-ìwé tàbí ìdí káńtà ìyá rẹ̀ ló ń bá a parí sí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ má ṣe é, nítorí ó wà lára ohun tí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí.

Ó yẹ ká tún bi ara wa pé ta ló tilẹ̀ sọ iṣẹ́ tẹlifóònù di ohun tó dà nílùú yìí. Ní ọdún 1985 ni wọ́n da ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ NET, tí wọ́n sì pè é ní NITEL. Ẹni tó bá dàgbà tó èmi yóò rántí. Bí ọ̀rúndún ogún ti ń parí lọ, a ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù èèyàn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ tẹlifóònù tó wà nílẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Ọlọ́lá ló ń ní in. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2001, wọ́n ta ìwé àṣẹ GSM ní gbànjo, ó tó mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa pé, fóònù alágbèéká ti ń dún ní Èkó, ṣùgbọ́n owó síìmù nìkan ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré lọ fíìfíì. Oṣù Kẹjọ ọdún 2003 ni Glo wọlé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú-àáyá ka owó ìpè.

Mo wà níbẹ̀. Ní ọdún 2003 yẹn, èmi fúnra mi jókòó sábẹ́ agbòjò lẹ́bàá títì, mo ń ta ìpè fún àwọn èèyàn. Àwa tí a jókòó sábẹ́ agbòjò, a mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà àti wákàtí tó máa ń lọ. Àwọn òyìnbó wà nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn o, mi ò ní parọ́. Àwọn ará South Africa wá, àwọn ará Zimbabwe wá, àwọn ará Ṣáínà náà wá lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì lo ọdún púpọ̀. Kò sí èyí tó sọ pé ọlidé lòun wá lò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ kìíní tó débi iṣẹ́, wọ́n fún un ní tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ìṣòro òpó kan lé e lọ́wọ́, òpó tó wà lápá Ìkòròdù tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ń rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní ìgbà oòrùn ní London, ìgbà òjò ni níbí. Nítorí náà, bóyá ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń rí fóònù pè ju ìdajì ọ̀sẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá pe ẹnìkan, fóònù yín kì í bá fóònù tirẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Òpó tó sún mọ́ yín ló máa ń gbà á, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ títí yóò fi dé ibi tí iléeṣẹ́ ti ń pín ìpè. Níbi tí wọn kò bá tíì ri wáyà sílẹ̀, àwọn àwo funfun rìbìtì bí ìlù tí ẹ máa ń rí lára òpó ni wọ́n fi ń ju ọ̀rọ̀ náà láti òpó dé òpó. Àwo méjèèjì gbọ́dọ̀ máa wo ojú ara wọn. Bí nǹkan bá dí wọn lójú díẹ̀, wọ́n á ṣì máa gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n agbára wọn á ti dín kù. Bí òjò ńlá bá wá rọ̀ lé e, wọ́n lè dákẹ́ pátápátá.

Ọmọ wa jókòó ní Victoria Island, ó wo kọ̀ǹpútà, ó rí i pé agbára ti dín kù lóòótọ́. Ó kọ ìwé olójú-ewé ọgbọ̀n. Ó ní ẹ̀rọ ti gbó, kí wọ́n ra tuntun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nínú ìpàdé. Ọ̀gá kan tún ní kó wá ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀ka yòókù. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnìkan tó bi í pé, "Ọmọ, ṣé o ti fojú rí òpó náà?"

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kó ká lọ ra àkàrà. Ọmọ ìyá alákàrà wà níbẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ ẹ̀wà. Ó ti ríṣẹ́ IT, láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀, lọ́dọ̀ kọ́ńtírátọ̀ kékeré kan tó ń tún òpó ṣe. Wọn kì í fún un ní kọ́bọ̀. Òun ló ń gbé okùn àti irinṣẹ́ fún àwọn tó ń gun òpó, àwọn tí wọ́n ń pè ní rígà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan òpó Ìkòròdù nìyẹn. Ọmọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Dádì, kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́ o. Ilé ni." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ya òpó méjì sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó wá ya ilé alájà mẹ́rin kan sáàárín wọn, ó gbé táǹkì omi lé e lórí. Ó ní láti ìgbà Àjíǹde ni ọ̀gá rígà àwọn ti fojú rí ilé yẹn látòkè, bó ṣe ń ga bọ̀. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn tó rán an níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tí bàbá náà mú wá kò sì ju pé kí wọ́n gbé àwo náà sókè sí i lára òpó, kó lè máa wo orí táǹkì náà kọjá.

Ọmọ London dákẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó tọrọ àyè, ó bá wọn lọ. Ó padà dé lálẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Àńkù, ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ mú mi débẹ̀." Ó ya ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ òmíràn, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rígà àti ti ọmọ alákàrà síwájú tirẹ̀. Nígbà tí ìwé náà fi jáde láti ọ́fíìsì, orúkọ tirẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló kù. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn máa ń ṣe é.

Wọ́n gbé àwo náà sókè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ìyìn, ó sì wọ bàálù. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé IT ọmọ alákàrà, ó sì wọ mólúè. Lónìí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní London. Èkejì ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòjò ní Computer Village, Ìkẹjà. Iṣẹ́ ọwọ́ kò burú, iṣẹ́ tó lérè ni. Ṣùgbọ́n ta ló san gbèsè àlejò nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1961, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí ẹgbẹ́ Peace Corps rán wá ń gba ẹ̀kọ́ ní University College, Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé nípa ìṣẹ́ tó rí ní ìgboro. Káàdì náà já bọ́ kó tó fi ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ká ilé-ẹ̀kọ́, ni wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé. Àwọn kan ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbóná jù. Lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ ló dùn wọ́n jù. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ẹni tó ní òun wá ṣèrànlọ́wọ́, tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ti ń kọ ìròyìn wa bí ẹni tó wá wòran. Ìwé olójú-ewé ọgbọ̀n tí wọ́n ń kọ láti Victoria Island lónìí, káàdì yẹn náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lónìí, àwa fúnra wa là ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn ọmọ yìí ń mú ìmọ̀ tuntun bọ̀. Mo gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ kọ̀ǹpútà ju èmi lọ, ó sì mọ ìṣirò ju ọ̀gá rígà lọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò rí ilé alájà mẹ́rin. Nígbà tí ìmọ̀ méjèèjì pàdé lórí iyẹ̀pẹ̀ nídìí àkàrà ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Àwọn mìíràn á ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé wa kò mọ nǹkan kan, pé ìwé lásán ni wọ́n ń kà. Ta ni yóò fi ẹ̀rọ hàn wọ́n nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn? Ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ dé odò kò gbọdọ̀ bú u pé kò mọ omi í wẹ̀.

Àwọn kan á tún ní bí a bá ní kí ọmọ òkè òkun gbé okùn, kò ní wá mọ́. Kó má wá! Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ kì í sá fún ẹrẹ̀. Èyí tí mo rí fojú ara mi kò sá.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ọlidé mọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun já létí òkun Côte d'Ivoire. Lọ́jọ́ yẹn, ìdààmú bá báńkì, ọlọ́jà kò rí owó gbà, láti ibẹ̀ títí dé Èkó. Ohun tí ìyà rẹ̀ ń jẹ gbogbo wa báyìí bó bá dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó yẹ ká mọ ẹni tí à ń kọ́ láti tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Iléeṣẹ́ tó bá gba ọmọ òkè òkun kan fún ọlidé, kó gba akẹ́kọ̀ọ́ IT méjì láti ilé-ẹ̀kọ́ wa, kó sì fún wọn lówó ọkọ̀ ó kéré tán. Kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ àlejò jẹ́ nídìí òpó, lọ́dọ̀ àwọn rígà àti àwọn tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. N kò ní kó gun òpó o, iṣẹ́ ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kó dúró nílẹ̀, kó wò, kó bèèrè. Bí wọ́n bá sì kọ ìwé, kí orúkọ gbogbo ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tó ń gbé okùn.

Ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ máa rán àwọn ọmọ yín wá sílé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ kọ́, pé àwọn tó máa kọ́ wọn lè má gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Àbúrò ọmọ yẹn náà fẹ́ wá. Mo ní kó dúró ná. Mo gbé àpòòwé tó wà lórí fíríìjì, èyí tí mo fi ojú ara mi sílẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà yẹn, mo lọ sí ìdí àkàrà, mo bi ìyá náà bóyá àbúrò wà lẹ́yìn ọmọ tiẹ̀. Ó ní ó wà, ó ti wọ polí. Lẹ́tà méjì ni mo kọ sí iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi wọ́n sínú àpòòwé kan ṣoṣo. Mo ní bí wọn kò bá lè gba àwọn méjèèjì, kí wọ́n má gba ìkankan.

Wọn kò tíì fèsì. Mò ń retí wọn.